Èèwọ̀ Tab

Ẹ bá mi kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kóòdù: kì í ṣe ìṣirò ló ń dá ni lágara níbẹ̀, àlàfo tí bọ́tìnnì Tab àti Space ń ṣe ni. Ní 1976, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Stuart Feldman ṣe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Make. Ó ní Tab ni kí a máa fi bẹ̀rẹ̀ ìlà àṣẹ nínú fáìlì rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wù ú láti yí i padà, àmọ́ bí èèyàn méjìlá ti ń lò ó, kò sì fẹ́ da iṣẹ́ wọn rú. Nítorí ojú èèyàn méjìlá, a ṣì ń tẹ Tab dòní olónìí.

Ni YAML, ọ̀nà ìkọ fáìlì mìíràn, bá dé ní 2001, ó ní a kò gbọdọ̀ fi Tab sún ìlà òun wọlé, Space nìkan ni. Fáìlì Make àti ti YAML sì lè wà nínú iṣẹ́ kan náà, bí orogún tí oúnjẹ ìyáálé jẹ́ èèwọ̀ ìyàwó. Bí o bá fi Space sí ibi tí Tab yẹ kó wà, Make á ní nǹkan sọnù. Ìwọ ò ní rí ohun tó sọnù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó bú kóòdù yín, ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹ́dítọ̀ yín fi àlàfo hàn.