Bàbá Orígínà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Bàbá Orígínà, ẹ má wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kì í fi ìka kan ojú àwo orin. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi ń gbá etí rẹ̀ mú. Yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, yóò fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, yóò wá yọ fóònù, yóò tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí àyè dúdú tó wà láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà róbótó tó wà láàárín àwo. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo náà họ sí i. Òun ló ń wá. Bó bá rí i, yóò mi orí. Bí kò bá rí i, yóò tún mi orí, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀, mímì orí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ ni. Orin tó wà nínú àwo náà wá ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀, a ò tíì débẹ̀. A sì lè má débẹ̀ lónìí.

Níwájú ìsọ̀ ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kó àwo jọ ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, ládùúgbò kan n'Íbàdàn tí mi ò ní dárúkọ, kí wọ́n má baà ní mo tú àṣírí àwọn. Bí onísọ̀ yìí ṣe ń tún rédíò ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ra àwo àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń palẹ̀ ẹrù bàbá wọn mọ́. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà níta. Bàbá Orígínà ló ni ìdí èyí tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń kọ́kọ́ rí ohun tó bá wọlé. Ọ̀gá Tísà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jókòó kọjú sí i pẹ̀lú ìwé kan tó fi rọ́bà dì, nínú èyí tó kọ ọdún gbogbo àwo sí. Ẹ̀kẹta wọn ni Ọmọ Peckham. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, àmọ́ nítorí pé London ló gbé títí kó tó padà wálé, ọmọ ni wọ́n ṣì ń pè é. Òun ló máa ń mú ìbọ̀wọ́ funfun àti ọ̀rá wá. Àwọn tó kù ń wá, wọ́n ń lọ. Àwọn mẹ́ta yìí ni òpó ilé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin àlejò ṣèèṣì yà síbẹ̀, ẹnu yín sì gbà yín débi pé ẹ fẹ́ràn orin Haruna Ishola, Bàbá Gani Àgbà. Ẹ ti kó sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

"Èwo nínú orin Bàbá Gani Àgbà?" Bàbá Orígínà ló ń bi yín. Ohùn rẹ̀ tutù.

Ẹ ní Oroki Social Club.

Kò sí ẹni tó máa bú yín. Ọ̀gá Tísà á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbójú sí títì. Ọmọ Peckham á ní, "Ó dáa, ṣebí ibẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀." Lọ́dún 1971 ni Decca gbé àwo yẹn jáde, èyí tí Haruna fi ki ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan l'Óṣogbo. Wọ́n ní iye tó tà lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ó wọ ilé onímọ́tò, ó wọ ilé olóbì, ó wọ ilé tí wọn ò ti ní giramafóònù rárá. Ẹ̀ṣẹ̀ àwo náà kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí gbogbo ayé bá ti ní, Bàbá Orígínà ti kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí orin náà bá dún nínú ọkọ̀ tó ń kọjá lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa lùlẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó ń fẹ́ ni ti 1948. Àwo àkọ́kọ́ tí Haruna ṣe nìyẹn. HMV ló tẹ̀ ẹ́, Ọba Adéboyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló sì fi kì. Kò tà. Lọ́dún 1955, lẹ́yìn tí ọba náà ti wàjà, ó tún orin náà ṣe, ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ẹ bá mi wò ó o: èyí tó tà, ẹnikẹ́ni ò du ú, èyí tí àwọn bàbá wa gbọ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí àtẹ, òun ni àwọn ọmọ wọn ń torí ẹ̀ bára wọn fa wàhálà. Bàbá Orígínà ní òun ní in. Ọ̀gá Tísà ní ti 1955 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fà á, ojú ẹnikẹ́ni kò sì tíì kan àwo náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá, ká rí i, kó tán."

"Tísà, ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo máa gbé gun ọ̀kadà?"

Àwáwí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Oje tí kòkòrò ń tú jáde ni wọ́n ń lò fún àwo 78 ìgbà yẹn, èyí tó ń yí nígbà méjìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń lò fún élípíì. Bó bá fi lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, àfọ́kù ni wọn yóò ṣà. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí Tísà bá ní kó gbé e wá, ọ̀kadà ló ń gba Bàbá Orígínà sílẹ̀. Ọjọ́ kan ni Ọmọ Peckham ní òun yóò fi mọ́tò gbé e. Bàbá Orígínà wò ó títí, ó ní, "Mọ́tò yín yẹn, ṣé ó ní sípíríǹgì?"

Bó bá wá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ sórí lọ́wọ́ òun, Àlùfáà ló máa ń sá bá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ni, bàbá-bàbá Fẹlá, tó lọ kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní London láwọn ọdún 1920. "Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n bi yín ná, ta ló ti fọwọ́ kan àwo Àlùfáà rí nínú yín?" Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí. Òun náà ò fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù nínú ìjà wọn ni bí ọ̀wọ̀ ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Ẹ ò ní gbọ́ "ìwọ" níbẹ̀ láé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, irọ́ lẹ pa yẹn." "Tísà, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an, àmọ́ ẹ ò mọ nǹkankan nípa sákárà." "Ẹ ṣeun, sà. Àwọn tẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn náà ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n á fi "ẹ" àti "yín" da omi iná síra wọn lára títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì dìde, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ó di Sátidé.

Ọjọ́ tí Challenge Cup dé ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Àwo kékeré Sunny Adé ni, èyí tó fi yin Stationery Stores, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Èkó. Ọmọdékùnrin kan gbé e wá nínú àpò ìrẹsì. Ọ̀gá Tísà wo bébà àárín rẹ̀, ó tú rọ́bà ìwé rẹ̀, ó ní 1967. Bàbá Orígínà ò tilẹ̀ wo àwo náà tó fi ní 1968. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni Stores gba ife Challenge Cup ọ̀hún ni, wọn ì bá yanjú rẹ̀. Ọdún méjèèjì ni wọ́n gbà á, léra-léra, ọ̀pọ̀ àwo kékeré ìgbà náà ni kò sì kọ ọdún sára. Bàbá Orígínà ní ọdún tí òun wọ Modern School ni. Tísà ní kí ni Modern School ń wá nínú ọ̀rọ̀ àwo, pé ṣé níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni? Ọmọ Peckham ní nọ́ńbà ara àwo nìkan ni kì í purọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó nawọ́ gbà á. Ni Bàbá Orígínà bá pariwo pé kó gbé e sílẹ̀, pé ìbọ̀wọ́ olówùú a máa já òwú sójú àwo.

Bí wọ́n ṣe fi ọdún sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n bọ́ sórí ìbọ̀wọ́. Láti orí ìbọ̀wọ́, wọ́n dórí bí a ṣe ń fọ àwo. Ọmọ Peckham ní spírítì ni wọ́n ń lò lókè òkun. Tísà ní spírítì á jẹ àwo 78 run, òótọ́ sì ni, àmọ́ àwo tó wà níwájú wọn kì í ṣe 78. Bàbá Orígínà ní omi òjò ni òun ń lò, omi òjò tí òun fi aṣọ sẹ́, kì í ṣe èyí tó gba orí páànù. Nígbà tí wọ́n fi máa rántí àwo, onísọ̀ ti mú ọmọ náà gba ẹ̀yìnkùlé, ó ti sanwó fún un, ó sì ti ta àwo náà fún ẹnì kan tó wá gba fáànù. Èmi rí i. Mi ò sọ̀rọ̀.

Ti "mo wà níbẹ̀" tún ṣòro díẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà nílé ọtí kan l'Abẹ́òkúta, ife bíà ni wọ́n là mọ́ ọn lórí. Ìbànújẹ́ ńlá ni ikú ọ̀hún, orin rẹ̀ kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Àmọ́ bí gbogbo ẹni tó ti sọ fún mi pé òun wà nílé ọtí lọ́jọ́ náà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, pápá ìṣeré Liberty nìkan ló lè gbà wọ́n. Bàbá Orígínà wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti lọ tọ̀ ni. Ọ̀gá Tísà náà wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ Barrister àti Kollington sílẹ̀ o. Àwọn méjèèjì fi orin bú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwo tà wìtìwìtì, wọ́n sì parí ìjà kí Barrister tó kú lóṣù Kejìlá ọdún 2010. Àwọn tó jà ti parí ìjà. Ẹni tó ra àwo ni kò tíì gbà. Ó ń dun Bàbá Orígínà títí dòní pé Kollington fèsì fún orin kan, ó sì ní bó bá jẹ́ òun ni Barrister, òun ò ní gba ẹ̀bẹ̀.

Àwọn òyìnbó tún wá dá kún un. Ó ti tó bí ogún ọdún báyìí tí wọ́n ti ń wọ Nàìjíríà, Benin àti Tógò, tí wọ́n ń ra àwo àtijọ́, tí wọ́n ń tún un tẹ̀ ní ìlú wọn. Afrobeat àti fọ́ńkì ni púpọ̀ nínú wọn ń wá, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè sákárà. Èyí múnú bí Bàbá Orígínà lọ́nà méjì: ó ń bínú pé wọ́n ń kó ohun ìní wa lọ, ó tún ń bínú pé wọn ò wá kó tòun.

Mo ti dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Inú wọ́dúróòbù ni àwọn àwo rẹ̀ wà, wọ́n nàró, páálí wọn mọ́ tónítóní. Aṣọ ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú Ghana-must-go lórí ilẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ẹyọ kan sí i fún mi, kí n gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbà, díẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ giramafóònù òun ti kú. Mo ní ṣé wọn ò ta abẹ́rẹ́ mọ́ ni? Ó ní wọ́n ń ta ti élípíì, pé kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń gbọ́ 78, ojú ọ̀nà orin ti 78 fẹ̀ jù fún un. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ó ní yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gba ojú àwo kọjá ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Mo bi ìyàwó rẹ̀ pé báwo ni bàbá wá ṣe ń gbọ́ orin. Màmá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rédíò kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ̀, káàdì tí àwọn ọmọ ń ta ní gárééjì pẹ̀lú orin àdàkọ. Haruna, Àyìnlá, Bàbá Lẹ́gbà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Orígínà ọ̀hún nìyẹn o.

Síbẹ̀, mi ò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín tán. Decca àti EMI ti kógbá sílé ní Nàìjíríà tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú orin tí wọ́n tẹ̀ kò sì sí níbòmíràn mọ́ àfi nínú wọ́dúróòbù irú àwọn bàbá yìí. Bí wọn ò bá fi ìlara ṣọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ì bá ti fi èyí tó pọ̀ nínú àwọn àwo náà dáná.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín fi àwo sílẹ̀ fún, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé wọn nàró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sílé tó ní wọn ò já mọ́ nǹkankan, pé àánú yín ló ń ṣe òun tí òun fi fẹ́ bá yín palẹ̀ wọn mọ́, ẹ má tà wọ́n fún un.