Ẹ̀rù Wo Ló Kù Tó Lè Ba Ará Ọ̀rẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ fi fíìmù dẹ́rù ba ará Ọ̀rẹ̀, kó yáa múra. Ìlú tójú rẹ̀ rí ogun Biafra lọ́dún 1967, tí gbogbo Yorùbá fi ń pa á lówe pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, kí ni iwin fẹ́ wá sọ níbẹ̀?

Ẹ wo ti Madam Koi-Koi tó jáde lọ́dún 2023. Mo gbà pé òkùnkùn rẹ̀ ṣú dáadáa. Ṣùgbọ́n òkú wo ló ń wọ bàtà gogoro lọ pààyàn? Kòì, kòì, kòì: ó ti kéde ara rẹ̀ kó tó dé. Olè tó bá wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ wọ oko kòkó l'Ódígbó, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ kó tó ká ẹyọ kan.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, lọ́dún 2022, sàn jù ú lọ fíìfíì. Aṣọ, ààfin, èdè, gbogbo rẹ̀ gún. Saro, ahunṣọ tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, gan-an ni ìṣòro. Ó gba olorì lọ́wọ́ ọba, ó ń jí òkú, ojú rẹ̀ tún wà lára ọmọ ọba! Màmá kan tó ń ta iyán níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró ní Ọ̀rẹ̀ kò bá a fi sábẹ́ ahọ́n sọ: "Ọmọ yẹn ì bá jókòó hun òfì rẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì ọ̀hún, iwin lè yọ lójú tẹlifíṣọ̀n kí àwọn èrò ṣì máa jẹ gúgúrú. Ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ ní kọ́nà, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" lẹ ó máa gbọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn.