Ìyà Ń Jẹ Ọmọ Oníkòkó

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo tìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí bí olè. Ilé tí mo tì yìí, èmi ni mo ń san owó rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi, owó oṣù mi ni mo fi rà á. Síbẹ̀, bí bébà dídán tí wọ́n fi wé e ṣe dún ṣàràrà báyìí, ohùn ìyàwó mi ti pálọ̀ wá: "Bàbá Tọ́lá, kí lẹ ń jẹ níbẹ̀ yẹn?" Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mo fèsì pé, "Oògùn ni."

Irọ́ ni. Ṣokoléètì dúdú ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan ń mutí, wọ́n ní ó ń gbádùn ayé. Àbúrò mi ń kówó sórí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin ni. Èmi tí mo ń jẹ ègé méjì ṣokoléètì lálẹ́, èmi ni wọ́n ń pè ní ọmọdé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n rọ mílíìkì àti ṣúgà sí ni, n kò ní bá wọn jiyàn. Tèmi kọ́ nìyẹn. Tèmi dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iye tó wà lára páálí ni kẹ́ ẹ máa wò: 70, 85. Bí wọ́n bá kọ 70 sí i, nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, àádọ́rin ló ti inú kóró kòkó wá. Nínú ìyókù, ṣúgà ló pọ̀ jù. Èyí tó funfun ní tirẹ̀, ọ̀rá kòkó nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀tù kòkó kankan nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ ṣokoléètì bí ẹni tó yá agbádá lọ sóde, tí wọ́n wá ń pè é ní olóyè.

Jíjẹ rẹ̀ náà ní bó ṣe rí. A kì í rún un. Ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ bí ooru bá ti tó bíi 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹnu èèyàn sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà ṣe ni kẹ́ ẹ fi í sórí ahọ́n, kẹ́ ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ìkorò ló máa kọ́kọ́ wọlé, bí ewúro tí wọn kò fọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, nǹkan á kan díẹ̀ bí àgbálùmọ̀. Ìgbà yẹn ni òórùn nǹkan sísun á wá gba ihò imú lọ sókè, ojú á dà, èèyàn á gbàgbé owó ilé ìwé. Mo máa ń fi ẹ̀pà sísun jẹ ẹ́. Mo máa ń fi dòdò tó pọ́n ju bó ṣe yẹ jẹ ẹ́, gbígbóná lórí tútù. Ṣùgbọ́n èyí tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé mo máa ń họ ọ́ sínú ògì gbígbóná dípò ṣúgà. Ìyàwó mi wo abọ́ náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ ti ba ògì jẹ́." Láti ọjọ́ náà, abọ́ tèmi yàtọ̀.

Bí wọ́n bá kàn kórìíra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Òfin ilé Yorùbá ni kò jẹ́ n gbádùn. Ẹ mọ òwe tí wọ́n fi ń mú àgbàlagbà: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti rí i lọ́wọ́ mi, mo gbọ́dọ̀ bù fún wọn. Owó ẹyọ kan tó ra kọ́ńgò ìrẹsì mẹ́ta o! Mo bù fún Tọ́lá, ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ojú ẹni tó gbọ́ òkú ọ̀rọ̀, ó sáré lọ tu ú sínú garawa ìdọ̀tí. Mo bù fún aládùúgbò wa, ó fi omi lé e bí ẹni ń gbé hóró oògùn ibà mì, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ láì kí ẹnikẹ́ni mọ́. Àna mi ló ní ìwà jù nínú wọn: ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́, ó ká a, ó tì í sápò, ó ní òun á jẹ ìyókù tó bá yá. Wọn ò lè gbé e mì, wọn ò sì jẹ́ kí n gbé e mì ní àlàáfíà. Bí mo bá fi pamọ́, ahun ni mí. Bí mo bá fún wọn, garawa ló ń jẹ ẹ́.

Ti ìyá mi ló dùn mí jù.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdànrè ni wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn ká kòkó, tí wọ́n fọ́ ọ, tí wọ́n sá a sóòrùn, tí wọ́n sá wọlé nígbà tí òjò bá ṣú. Àtàǹpàkò wọn ṣì ní àpá àdá. Mo rò ó wò pé obìnrin yìí kò tọ́ ṣokoléètì wò rí láyé, ojú tì mí. Mo ra èyí tó jẹ́ 85, mo gbé e lọ fún wọn, mo kúnlẹ̀ gan-an, èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ wo ojú wọn.

Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n rún un. Wọ́n dákẹ́.

"Àjàní, àgbo wo nìyí?"

"Màmá, kòkó yín ni."

"Kòkó ta ni? Kòkó tí mo mọ̀, ẹ̀yin ọmọdé ń lá a, ó ń dùn, ẹ ò jẹ́ kó pọ̀ tó nínú agbọ̀n."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun funfun tó yí kóró ká, ó dùn, ó kan díẹ̀, a máa ń mu ún lójú oko títí ètè á fi máa ta wá. Mo ṣàlàyé pé kóró inú rẹ̀ gan-an ni àwọn òyìnbó ń jẹ. Màmá wò mí bí ẹni tí wọ́n rán níléèwé lásán. Wọ́n ní, "Bí o bá jẹ ọsàn, ṣé kóró rẹ̀ lo máa ń jẹ?"

N kò rí nǹkan fi fèsì. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Mo ní ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí ó ń gbóná, tí ó ń kan, tí gbogbo ilé ń rùn bí ọtí, ìgbà yẹn gan-an ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá kan dáadáa, bó ti wù kí wọ́n yan án nílùú òyìnbó, kò lè jáde. Mo ní ìdajì iṣẹ́ adùn ti parí lẹ́yìnkùlé wọn kí alágbàtà tó gbé òṣùwọ̀n dé.

Màmá ní, "Alágbàtà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa." Wọ́n béèrè iye tí mo rà á. Mo sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ká bébà dídán náà dáadáa, wọ́n so ó mọ́ ìdí aṣọ. Wọ́n ní ìyẹn wúlò.

Ẹ wò ó, kòkó yìí kan náà ló wà lára owó tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955. Òun ló kọ́ Ilé Kòkó tó dúró sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1965. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí òjìji ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bò, mo béèrè ṣokoléètì dúdú, ọmọbìnrin ibẹ̀ na agolo tíì sí mi. Mo ní kì í ṣe èyí. Ó ní, "Dádì, òun náà dúdú." Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mo kọ "koko gidi" sínú ìwé ọjà láì fi àmì ohùn sí i, ọmọ lọ sọ́jà, ó ra kókò wá, odidi agbọ̀n kan. A fi epo jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ní àmì ohùn kò wúlò, ẹ wá wo ikùn mi.

Bẹljíọ̀mù kò ní oko kòkó. Switzerland kò ní. Ọwọ́ wọn ni mo sì ti ń ra ohun tó kúrò lóko bàbá mi. Ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí ìkórè kò dára ní Gánà àti Côte d'Ivoire, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan fò kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là lọ́jà àgbáyé. Mo bá àwọn àgbẹ̀ yọ̀ tọkàntọkàn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lóko tún òrùlé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náà já wálẹ̀ lọ́dún 2025, ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò fi ìròyìn náà tó ṣọ́ọ̀bù mi létí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe ṣokoléètì gidi l'Ékòó báyìí, láti orí kóró títí dé páálí. Mo ti tọ́ ọ wò. Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kó sì bu díẹ̀ kúrò lára iye tí wọ́n ń tà á.

Kí n má tíì wá sọ ti àwọn oníná. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ṣokoléètì méjì ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo tọ́jú wọn sínú fíríìjì, lẹ́yìn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ méjì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí Ìbàdàn ń gbóná bí ààrò. Ṣokoléètì yọ́. Iná dé, ó tún dì, ara rẹ̀ wá funfun tótòtó. Kò bàjẹ́ o! Ọ̀rá rẹ̀ ló kàn gun òkè. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ìyàwó mi ti rí i, ó ní ó ti bu, ó ti dà á nù. Mo lọ wo garawa. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo ṣe níbẹ̀.

Nínú gbogbo ilé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iyì rẹ̀. Bí bébà bá ti dún lálẹ́, Jákì á dé ẹnu ọ̀nà, á jókòó, á na etí, á máa wo ọwọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù, itọ́ á máa kán sílẹ̀. Kò bú mi. Kò ní mo ń ṣe bí ọmọdé. Ó dá mi lójú pé bí mo bá fún un, kò ní tu ú.

Ṣùgbọ́n ajá ni. Theobromine tó wà nínú kòkó, ara ajá kì í tètè lò ó tán bí tiwa, ó lè pa á, èyí tó dúdú ló sì burú jù fún un. Nítorí náà, mo máa ń yí ẹ̀yìn sí i, mo máa ń jẹ ẹ́ kíákíá, láì jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n bó ṣe yẹ, òun á sì máa sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, títí ìyàwó mi á fi tún pariwo láti pálọ̀ pé kí lẹ fi ń jẹ ajá níyà.