Wọ́n Gba Owó Orí, Wọ́n Gbàgbé Olówó

Ẹ jọ̀wọ́, ilé ẹjọ́ wo ni wọ́n ti ń pe òkú lẹ́jọ́? Frederick Lugard ni mo fẹ́ bá fà á, ó sì ti kú láti ọdún 1945. Ká ní ó ṣì wà láyé ni, ǹ bá ti wọ́ ọ dé iwájú adájọ́. Kì í ṣe tìtorí pé ó so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ lọ́dún 1914. Ẹjọ́ ìyẹn ti ní àwọn tó ń rò ó ní gbogbo ilé ẹlẹ́mu. Ẹjọ́ tèmi kéré, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dé egungun: òun ló kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú láì ka ìṣirò fún un. Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù tí òyìnbó kọ́ wọn, bíi kí èèyàn tètè dé ibi iṣẹ́, ni wọ́n ti gbàgbé. Ẹyọ kan yìí nìkan ni wọ́n mọ̀ lórí.

Ẹ wo àdúgbò wa. Gọ́tà iwájú ilé mi ti dí débi pé àkèré ti bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti ń bímọ. Káńsù ò mọ gọ́tà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé mi ju àna mi lọ. Bí wọn ò bá mú ìwé owó ilé wá, wọ́n á mú ti pátákó tí ìyàwó mi kọ "Iyán Ń Bẹ" sí. Wọ́n tún ní kí n san owó rédíò. Mo ní rédíò mi ti kú. Wọ́n ní kí n gbé òkú rẹ̀ jáde kí àwọn fojú rí i. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi èyí tí mo san lọ́jọ́sí ṣe. Ọmọkùnrin tó di rìsíìtì mú wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè iye tí bàbá rẹ̀ san lórí ìyá rẹ̀.

Ẹ má bú ọmọ náà. Ó jogún ìwà yẹn ni.

Kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe pé a ò mọ owó sísan. Oníbodè wà lẹ́nu odi, ó ń gba tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ru ẹrù kọjá. Ìṣákọ́lẹ̀ wà fún onílẹ̀. Ọba àti ìjòyè ní ìpín tiwọn. N ò ní purọ́ fún yín, wọ́n ń rẹ́ wa jẹ nígbà náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n o mọ ẹni tó gbà á, o mọ ojúlé rẹ̀, bí ọdún bá sì dé, o lè lọ jókòó sílé rẹ̀ kí o jẹ díẹ̀ padà lára owó rẹ.

Lugard ti ṣe olórí ní Àríwá kó tó di gómìnà gbogbo ilẹ̀ yìí. Ó bá àwọn ẹ́mìà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gba owó orí tipẹ́tipẹ́. Ó ní kí wọ́n máa gbà á lọ. Nígbà tó yá, ìjọba òyìnbó ń mú tiẹ̀ níbẹ̀, ìyókù ń wọ àpò ìlú, ìyẹn baitul-mal, wọ́n sì ń fi san owó oṣù ẹ́mìà, adájọ́ àti dógarì, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹ́mìà. Ètò náà tu òyìnbó lára púpọ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ẹlòmíràn ló ń bá wọn gba owó, ẹlòmíràn náà sì ni aráàlú ń ṣépè fún.

Nígbà tí Lugard rí i pé ó ṣiṣẹ́ ní Kánò, ó ní dandan ni kó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó nílò ọba ńlá kan tí yóò di àpò mú, Captain W. A. Ross, tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àgbà ẹkùn Ọ̀yọ́ títí di 1931, sì bá a mú Aláàfin Ládìgbòlù. Ìbàdàn tó lé Fúlàní padà ní Òṣogbo lọ́dún 1840 wá di ẹni tó ń wo ojú Ọ̀yọ́ kó tó ná owó ara rẹ̀. Ọdún 1934 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀yọ́.

Àwọn baba wa ò dákẹ́ o. Lọ́dún 1916 ni Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò ti fárígá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kan Ẹ̀gbá. Òyìnbó ti gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní 1914. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà tí kò lówó wà lọ́rùn wọn, owó ìtanràn wọ̀lé-wọ̀lé náà ń bẹ níbẹ̀. Ní 1918, wọ́n mú owó ibodè kúrò, wọ́n sì gbé owó orí lé wọn lórí. Àwọn àgbẹ̀ gbé ṣakabùlà, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, bá a lọ. Sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n dà sí wọn, àwọn tó kú sì lé ní 500. Ogun Àdùbí nìyẹn. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, gbogbo ilé ló ń sunkún ẹni tirẹ̀. Owó orí nìkan ló jáde nínú ogun náà láì fara pa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí agolo bàbá àgbà mi fún yín. Nínú agolo bisikíìtì kan ló ń kó ìwé owó orí rẹ̀ sí, ó fi okùn dì wọ́n ní ọdọọdún. Orúkọ rẹ̀ wà lórí wọn bí etí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ lọ́dún náà, nítorí náà bàbá kan ṣoṣo yìí ní orúkọ oríṣiríṣi. Iye owó wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣílè márùn-ún ni ìwé ń pè é, ọ̀kẹ́ kan ni bàbá ń pè é, torí pé owó ẹyọ ni ó ṣì fi ń ṣírò. Kò sí ìlà kan péré lórí ìwé náà tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀kẹ́ kan yìí ṣe. Bàbá ò mọ̀wé, síbẹ̀ ó tọ́jú wọn ju ìwé ilẹ̀ lọ. Bí akódà bá dá a dúró lọ́nà oko tí kò rí i fi hàn, àtìmọ́lé ló ń lọ. Wọn ò ya fọ́tò bàbá náà rí. Ẹni tó bá ní kí n fi bàbá àgbà mi han òun, rìsíìtì ni n ó nà sí i.

Ẹ wá bá mi tọ ọ̀kẹ́ náà lọ. Baálé gbà á, ó gbé e fún ìjòyè, ìjòyè gbé e dé àpò ìlú. Ìjọba òyìnbó mú tiẹ̀, ó sì sábà máa ń tó ìdajì. Nínú èyí tó kù, owó oṣù ọba ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ti ìjòyè, ti adájọ́, ti akọ̀wé, ti akódà. Ẹ ò rí nǹkan! Akódà tó ń lé bàbá kiri inú oko, owó bàbá ni wọ́n fi ń bọ́ ọ kó lè máa sáré. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ti ọ̀nà àti afárá.

Kì í ṣe pé kò sí ìṣirò o. Ìṣirò pọ̀ bí kí ni! Lọ́dọọdún, wọ́n á kọ iye tó ń bọ̀ wọlé àti iye tí wọ́n fẹ́ ná. Ajẹ́lẹ̀ kékeré á yẹ̀ ẹ́ wò, ajẹ́lẹ̀ àgbà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ga ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá ní afárá kan yóò gba pọ́n-ùn mẹ́wàá, wọ́n á bi wọ́n léèrè ohun tí pọ́n-ùn mẹ́jọ ṣe. Gbogbo ẹni tí kò ní í gba orí afárá yẹn kọjá láyé ni ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó máa ru iṣu gbà á kọjá nìkan ni kò rí i. Bí owó bá sì ṣẹ́kù, wọ́n á ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Púpọ̀ nínú owó àpò ìlú bẹ́ẹ̀ ló wọkọ̀ òkun lọ sí London lọ di ìwé ẹ̀yáwó. Bàbá àgbà mi ò dé Ìlú Òyìnbó rí. Kò ní yà mí lẹ́nu bí owó rẹ̀ bá ti débẹ̀.

Àwọn obìnrin náà fárígá pé àwọn ò gbà. Lọ́dún 1929, nígbà tí wọ́n ń ka èèyàn àti ẹran ọ̀sìn kiri ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn obìnrin ibẹ̀ rò pé owó orí ló ń bọ̀ wá kan àwọn, wọ́n dìde, ìbọn sì pa bí àádọ́ta nínú wọn. Ní Abẹ́òkúta, láti 1918 ni obìnrin ti ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ san, bí kò bá sì mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwọn agbowó-orí á ní kó bọ́ aṣọ kí àwọn wo àyà rẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tú síta ní 1947, wọ́n dó ti ààfin. Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Wọ́n gbé owó orí obìnrin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Ẹ wo ohun tó gbà wọ́n: odindi ọba ní láti filé sílẹ̀ kí ẹnìkan tó dá wọn lóhùn! Èmi tí mo béèrè gọ́tà, ta ni kí n lé?

Òmìnira dé, a ní ó parí. Ní 1968, owó orí tún gbé àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn dìde, Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Òfin 1999 wá ka ìjọba ìbílẹ̀ 774 sílẹ̀, ó sì to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: itẹ́ òkú, ọjà, owó rédíò, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, ti bárò, ti ọmọlanke. Mo kà á tán, mo wò ó pé ajẹ́lẹ̀ kan wà nínú yàrá tí wọ́n ti kọ ọ́ tí a ò rántí sọ fún pé kó máa lọ sílé.

Owó ńlá tí wọ́n ń ná báyìí, Abùjá ló ti ń wá. Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Bí owó bá ti ń ti òkè wá, òkè náà ni ojú alága ń wò. Àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ kan wà tó sọ gómìnà di ajẹ́lẹ̀ àgbà wa. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù pàṣẹ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Mo fò sókè. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi balẹ̀ ni mo rántí pé ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bá ara wọn rojọ́. Ọwọ́ tí owó máa bọ́ sí ni wọ́n ń jà lé lórí. Èmi tí gọ́tà wà lójúde mi, wọn ò tilẹ̀ pè mí ní ẹlẹ́rìí.

N ò ní kí wọ́n má gba owó mọ́. Ìlú ò ṣeé ṣe láìsí owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bìtì tí kò peku, ó yẹ kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ọjà lóṣooṣù, ní Yorùbá: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó kí ìyá alágbo lè kà á láì wọ awò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé ògiri náà kéré, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ lágara. Àwòrán alága káńsù ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ìbò, tòun ti fìlà àti eyín, ó sì gbà á dáadáa.