Oríkì Ìwé Owó Ìdọ̀tí

Ìwé owó ìdọ̀tí, mo rí ọ, mo dọ̀bálẹ̀.
Àkàndé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà,
tó wúwo lọ́rùn onílé ju ọlọ lọ.
Ọmọ òǹtẹ̀ búlúù, ọmọ rìsíìtì,
ọmọ ẹ-san-án-lónìí-ilẹ̀-á-mọ́-lọ́la.
Òjò ò mọ onílé, ìwọ mọ̀ ọ́n;
ayálégbé tó kó dé lálẹ́ àná, o ti mọ iye yàrá rẹ̀.
Ọkọ̀ akólẹ̀kódọ̀tí a máa ṣìnà àdúgbò wa,
ìwọ kò ṣìnà rí.

Ìran kékeré kọ́ ni ìran rẹ.
Wọlé-wọlé ni baba ńlá rẹ,
tó ń yọjú sínú ìkòkò omi, tó ń wá tanwíjí kiri.
Ìyẹn rí ìdọ̀tí kó tó bínú;
ìwọ ò wo nǹkan kan, àpò lo wò.
Òfin Nàìjíríà ti 1999 ló fi kíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́.
Kíkó ló ṣòro, gbígba owó rọrùn:
ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ìwọ ni àrẹ̀mọ.
(Mi ò ní kí á má san owó o. Dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe omi kànga.)

Àjàkangá ń retí, Lápìtẹ́ ń retí,
Abà Ekù ń wọ̀nà, Àwótán wọ̀nà títí, kò rí i wò tán.
Ààtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Ìbàdàn, ẹrù wa kò dé ọ̀kankan.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àpò ìrẹsì kan fi wà lẹ́bàá géètì mi:
èèpo iṣu ti di omi dúdú,
orí ẹja ń pe eṣinṣin síbi àsè,
ìdin tò jáde nídìí àpò bí ọmọ iléèwé.
Ọjọ́ náà lo dé, Àkàndé!
Ọmọkùnrin tó gbé ọ wá fọwọ́ bo imú,
ó gbẹ́sẹ̀ fo àpò náà,
ó lẹ̀ ọ́ mọ́ géètì, ó lọ.

Odò Ògùnpa nìkan ni kò bẹ̀rù rẹ.
Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980,
ìdọ̀tí há a lọ́fun, òjò sì dé:
ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọmọ èèyàn.
(Ibí yìí, mi ò ṣẹ̀fẹ̀.)
Ní 2011, omi tún ya wọ̀lú, afárá wó.
Odò kì í béèrè rìsíìtì.

Àkàndé, má bínú, òjò àná ti já ọ lára géètì.
Orí àpò ìrẹsì yẹn ni mo ti bá ọ láàárọ̀,
òǹtẹ̀ búlúù ti ṣàn mọ́ omi iṣu.
Mo pe baba ọlọ́mọláńkẹ́, mo fún un ní ₦500,
ó gbé ìwọ àti àpò pọ̀.
Mi ò bi í pé níbo.
Apá odò ló doríkọ.