Abẹ́rẹ́ Olójú Kan

Bí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú rírán nígbà tí a ń rán aṣọ ìbora onípele mẹ́ta tí a tẹ́ òwú sí àárín rẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ̀sùn kì í kàn nínú ilé: wọn a ní ọmọdé ni ó fọwọ́ kàn án, wọn a ní iṣẹ́ ayé ni, wọn a sì rọ epo sí i títí aṣọ yóò fi máa rùn bí ẹ̀wù mẹkáníìkì, abẹ́rẹ́ nìkan, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ olójú kan tí ó ti kújú láti èṣí, ni ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá! Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ aṣọ tí ó sì ń gòkè bọ̀, òwú a dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìkọ́ ìsàlẹ̀ a sì gbá a mú. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá tẹ̀, tàbí tí ó tín-ín-rín jù fún aṣọ tí ó nípọn, ìkọ́ a nawọ́, a bá òfo. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni ó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a sì tì í dé òkè pátápátá. Owó rẹ̀ kò tó ti epo tí a dà nù, síbẹ̀ àwọn ìyáálé kan ń bẹ tí wọn yóò kúkú ta kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó gbà pé abẹ́rẹ́ a máa gbó.