Sókótó, Ṣòkòtò

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí bí mo bá gbọ́ ọ báyìí, torí ó ti kúrò lówe, ó ti rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Fóònù wà nínú àpò ṣòkòtò. Fóònù yẹn ni èèyàn fi ń dé ibi tí wọ́n kó ìwé ìròyìn ayé àtijọ́ jọ sí, ti Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Brazil. Àmọ́ ìka kan ṣoṣo ni ẹni tó wọ ṣòkòtò ń kì bọ àpò, tí kò bá ti kan nǹkan, ó di "kò sí níbẹ̀".

A ṣe ìpàdé ẹbí kan l'Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ oyè ló gbé wa débẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé bí oyè bá ti kan ilé kan, ìtàn ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Bàbá tó dàgbà jù nínú wa ní bàbá ńlá wa wà lára àwọn tó dúró ti odi ìlú lọ́jọ́ tí ọmọ ogun Dàhómì wá ká Ẹ̀gbá mọ́lé lẹ́ẹ̀kejì, ní 1864. Kò tíì panu dé tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fi na fóònù sókè.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Mo ti Google ẹ̀. Kò sí níbẹ̀."

"Kí ni kò sí níbo?"

"Ogun yẹn, sà. Kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì."

Bàbá wò ó títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ogun tó pa èèyàn ni kò sí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ohun tó tẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: egba war. Bí ẹni tó dé ọjà Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà tó wá lọgun "Ìyá Bọ́lá!" Gbogbo ọjà ni yóò dáhùn. Nígbà tí kò rí ìyá tirẹ̀ láàárín wọn, ó lọ sílé lọ ròyìn pé ìyá òun kò wá sọ́jà.

Irú ọmọ yìí pọ̀, kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Àwọn kan náà ni wọ́n máa ń fi ìtàn ọba mẹ́tàdínlógún tí kò jẹ rí ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp láàárọ̀ kùtù. Ẹni tí kò lè wá ohun tó ṣẹlẹ̀ rí ni ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí máa ń tètè yá lára.

Ẹ̀rọ kì í ka ìwé bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń kà á. Wọ́n ya fọ́tò ìwé ìròyìn ni, wọ́n wá ní kí ẹ̀rọ wo fọ́tò náà kó sọ ọ́ di lẹ́tà. Ohun tí ẹ̀rọ bá rò pé òun rí, inú ìyẹn là ń wá nǹkan sí. Ojú ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá. Bí r àti n bá fara mọ́ra, ó lè kà wọ́n sí m. Bí òǹtẹ̀wé bá sì gé Abeokuta sí méjì ní ìparí ìlà, Abeo lókè, kuta nísàlẹ̀, wọ́n ti ya ìlú Lísàbí sí méjì nìyẹn, ẹni tó ń wá odindi lè má rí i.

Tó bá wá di ti Yorùbá, ẹ gbé àga jókòó. Ọ̀pọ̀ ibi tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ sí ló máa ń bọ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ kó tó wá a. Ẹ tẹ Èkó, ìlú Èkó á jáde, ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ á jáde, ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ àkàrà náà á jáde. Àwọn mìíràn kì í bọ́ àmì, wàhálà tiwọn ni pé ẹ́ tí èmi tẹ̀ àti ẹ́ tí ẹ̀yin tẹ̀ lè jọra lójú bí ìbejì, kó jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ gbà kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú. Ó wá ku òwe wa. Ẹ bọ́ àmì lára Sókótó, ẹ bọ́ tara ṣòkòtò, kí ló kù? Ohun tí à ń wá lọ sí sokoto, inú àpò sokoto ló wà. Ìlú Sultan àti aṣọ tí à ń fi bo ìdí ti di ọ̀kan náà.

Ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe tuntun. George Boole ló ṣe ìpìlẹ̀ ọgbọ́n AND (kí méjèèjì wà), OR (ọ̀kan nínú wọn tó) àti NOT (yọ ọ́ kúrò) nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1854, ọdún 5 ṣáájú kí Henry Townsend tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Abẹ́òkúta níbí. Ẹ ṣàkíyèsí h yẹn o. Ìròhìn ni wọ́n kọ, ẹni tó bá tẹ Ìwé Ìròyìn lè wá a títí kó má rí i. Àwọn baba wa kọ enia, wọ́n kọ aiye, wọ́n kọ Oshogbo àti Offa. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní láti pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Bí ẹ bá tẹ Ogbomos, tí ẹ fi àmì ìràwọ̀ tì í nídìí, Ogbomoso àti Ogbomosho á jọ wọlé.

Mo gba fóònù náà, mo ṣí àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lásìkò yẹn, b méjì ni ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ orúkọ ìlú wa, nítorí náà mo tẹ Abbeokuta OR Abeokuta, mo fi àkámọ́ há méjèèjì mọ́, mo wá kọ AND Dahomey tẹ̀ lé e. Níbi tí wọ́n bá ti gba èèyàn láyè, ó dára kí ẹ ní kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má fi ju ọ̀rọ̀ 10 jìnnà síra. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á gbé ojú ìwé kan wá tí Dahomey wà lórí rẹ̀ níbi ọjà epo, tí Abeokuta sì wà ní ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ajíhìnrere, ẹ óò máa rò pé ogun ni. NOT ni mo máa ń bẹ̀rù. Lagos kan wà ní Portugal, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti wọ̀yá ìjà ní 1759, ó sì máa ń dí ẹni tó ń wá Èkó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ NOT Portugal lè bá bẹ́ẹ̀ lé àwọn Potogí olówò ẹrú jáde, wọ́n sì jẹ wá ní ìtàn.

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù kẹta ni Bàbá ní wọ́n jà. Ẹ fi sí oṣù kẹta."

Mo ní rárá. Wáyà kò tíì dé Èkó nígbà náà. Inú lẹ́tà ni ìròyìn ń gbé, inú ọkọ̀ ojú omi ni lẹ́tà ń gbé lọ sí Liverpool, ó sì ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá wá ogun oṣù kẹta nínú ìwé ìròyìn oṣù kẹta, ó ti dé kí àlejò tó wọ mọ́tò. Mo fi sí oṣù kẹrin títí dé ìkẹfà.

Ó jáde. Ìlà mẹ́ta péré la rí, Dahomey, Abbeokuta, pé wọ́n lé wọn padà lẹ́bàá odi. Ọmọ wa yanu. Bàbá ní kí n kà á lọ.

Kò ṣeé kà lọ. Wọ́n ti fi bàìbàì bo ìyókù ojú ìwé náà. Ọ̀fẹ́ ni kéèyàn wá a, owó ni kéèyàn kà á, pọ́n-ùn sì ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o: Chronicling America, tí Library of Congress gbé kalẹ̀, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó mú ogun wa dání ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

"Ogun tí wọ́n jà lẹ́yìn ilé wa," Bàbá ní, "èmi ni màá sanwó kí n tó gbọ́ ọ?"

"Bàbá, inú àkójọ tiwọn ló wà, sà. Wọ́n ní àpò ṣòkòtò ló..."

Bàbá fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan èkejì. Tábà ló kó jáde.

"Ṣòkòtò ta ni?"